Ààyè Méjì fún Ọmọ Ọdún Mẹ́ta: Bí A Ṣe Mú Iléèwé ní Washington

Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, ni fóònù jí mi. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn, ọ̀sán gangan ni mo máa ń sùn, ẹni tó bá mọ̀ mí kì í pè mí lásìkò yẹn. Obìnrin tó pè ní ààyè kan ti ṣí sílẹ̀ fún Àjàní ọmọ mi ní iléèwé àwọn, iléèwé elédè méjì tí a fi sí ipò kìíní lórí fọ́ọ̀mù wa láti oṣù Kejì. Àwọn fẹ́ gbọ́ èsì kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tó lù. Bí mo bá dákẹ́, ẹni tó tẹ̀ lé wa lórí ìlà ni wọ́n máa pè.

Ọmọ ọ̀hún sì ti wà ní iléèwé mìíràn. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, ẹkún àràárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáwọ́ dúró ni.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbé Washington, D.C. Iléèwé charter ni iléèwé méjèèjì yìí. Iléèwé charter kì í ṣe iléèwé aládàáni. Owó ìjọba ló ń gbé e dúró, òbí kì í san owó iléèwé, àmọ́ kì í ṣe ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìlú ló ń darí rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tó ń gba tíṣà, tó sì ń pinnu bí wọ́n á ṣe máa kọ́ ọmọ. Ìpínlẹ̀ Minnesota ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ lọ́dún 1991. Ní tiwa níbí, òfin tí ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1996 ló bí i. Ọdún 15 ni ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún iléèwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún márùn-ún. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún màmá mi, ó ní, “Iléèwé míṣọ̀n àtijọ́ nìyẹn, tí ìjọba ń sanwó tíṣà, tí fadá ń pàṣẹ.” Ó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n níbí, kò sí fadá o. Òfin ò gbà kí wọ́n kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn kankan.

Òfin mìíràn tún wà láti ọdún 2008 tó fẹ́ kí ààyè ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ní ìlú yìí. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, ó di ìgbà tí ọmọ bá pé ọdún márùn-ún kí ìjọba tó gbà á. Títí dìgbà náà, owó jẹ́lé-ó-sinmi á máa jẹ òbí lápò. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún mẹ́ta kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Oṣù Kẹjọ ni mo bí tèmi. Ká ní mo pẹ́ oṣù méjì sí i ni, ọdún kan gbáko la ò bá tún fi sanwó.

Deanwood là ń gbé, ní Northeast. Bó o bá rìn díẹ̀ sí i, o ti dé títì Eastern Avenue, bó o bá sì sọdá rẹ̀, o ti wọ Maryland nìyẹn. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé ní Lanham, tí òun náà bí ọmọ ní ọdún tí mo bí tèmi. Ó pè mí ní oṣù Kìíní: “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi àdírẹ́sì yín kọ fọ́ọ̀mù. Ta ló máa mọ̀?” Ó dùn mí dé egungun, torí mo mọ iye tó ń san. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ń béèrè ẹ̀rí ibùgbé lọ́dọọdún, wọ́n ń rán èèyàn lọ wo ilé, bí ọwọ́ bá sì tẹ̀ ọ́, gbogbo owó ọdún tí ọmọ fi jókòó níbẹ̀ ni wọ́n máa gbà padà, ìtanràn sì lè tẹ̀ lé e. Mo ní, “Rárá, àbúrò mi.” Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó pè mí padà.

Bí wọ́n ṣe ń pín ààyè ni ẹ ó gbọ́. Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti ń lo fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, My School DC ni wọ́n ń pè é. O lè kọ iléèwé 12 síbẹ̀, o máa tò wọ́n bó o ṣe fẹ́ràn wọn sí, kọ̀ǹpútà á wá ṣẹ́ ìbò. Bó bá fún ọ ní ibi kan, orúkọ rẹ á ṣì wà lórí ìlà ìdúró ní gbogbo ibi tó o tò sókè ju ibẹ̀ lọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sọnù. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ló ń ṣíwájú. Tèmi ni àkọ́bí, kò lẹ́gbọ̀n-ọ́n.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà tí a ń kọ ọ́. Ó ti Ìbàdàn wá ní oṣù Kìíní, ó sì lo oṣù mẹ́fà tí wọ́n tẹ̀ sínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pé. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wo èmi, ó wo ọkọ mi. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé iléèwé Àjàní lẹ fẹ́ lọ fi ta Bàbá Ìjẹ̀bú?” Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wú ikọ́.

Nínú iléèwé tá a lọ wò, méjì ló gba ọkàn wa. Àwọn yòókù, a kàn kọ wọ́n kún un ni.

Àkọ́kọ́ ni iléèwé elédè méjì, ní Northwest, lápá Petworth. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan níwájú wọn. Sípáníìṣì ni orin, Sípáníìṣì ni “lọ fọwọ́”, Sípáníìṣì ni “má gbá a”. Bí wọ́n bá ti ń dàgbà ni Gẹ̀ẹ́sì á máa wọlé, títí méjèèjì á fi ṣe déédéé. Iléèwé náà ti kọjá ọdún mẹ́wàá, ìlà ìdúró rẹ̀ gùn bí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ohun tí wọn kì í tètè sọ fún òbí ni pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣí pẹ́. Ọmọ tí kò bá wọlé ní ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí márùn-ún, bóyá ni yóò tún wọlé, torí ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò gbọ́ Sípáníìṣì kò lè ṣàdédé jókòó sí kíláàsì tí wọ́n ti fi ń kọ́ ìṣirò.

Ìkejì ni iléèwé Montessori tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ín: ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mọ́kànlá bí Àjàní bá fẹ́ mú gbogbo ewé ilẹ̀. Dókítà obìnrin ará Ítálì kan, Maria Montessori, ló dá ọ̀nà ìkọ́ni yìí sílẹ̀ ní Róòmù lọ́dún 1907, àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ aláìní ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, torí ní Amẹ́ríkà lónìí, iléèwé aládàáni olówó gọbọi ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún wà nínú yàrá kan náà. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ ń lò lọ́dọ̀ tíṣà kan náà.

Ọjọ́ tá a lọ, wọ́n ní ká jókòó sórí àga kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ká má sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rin lọ ká ẹní kékeré kan wá, ó tẹ́ ẹ, ó fi ọwọ́ pa etí rẹ̀ kó má bàa ká sókè. Ó gbé àwo kan tó ní jọ́ọ̀gì méjì wá, jọ́ọ̀gì tó ń fọ́ o, kì í ṣe rọ́bà. Ó da omi láti inú ọ̀kan sí ìkejì, ó dà á padà. Omi kán sílẹ̀. Kò sí àgbàlagbà tó mira. Ó dìde, ó lọ mú fóòmù, ó nu ibẹ̀, ó fún fóòmù náà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Màmá mi gbá mi nígbọ̀nwọ́. “Wọ́n ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ilé níbí.” Lẹ́yìn náà ó rí bí ọmọkùnrin àgbà kan ṣe ń bá kékeré kan bọ́ bọ́tìnnì kóòtù, ó ní, “Bí agboolé wa ṣe rí nìyí.” Láti ìṣẹ́jú yẹn, màmá mi ti mú tirẹ̀.

Bá a ṣe fẹ́ kúrò, ọ̀gá iléèwé wá kí wa. Àjàní dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ìyá àgbà ti kọ́ ọ. Obìnrin náà rò pé ó ṣubú ni, ó sáré gbé e dìde, ó ń wò ó lórúnkún bóyá ó bó. Màmá mi fi Yorùbá sọ pé, “Ó ń kí yín ni, ẹ̀yin náà ẹ kí i padà.” Mo túmọ̀ rẹ̀ tìtìjú-tìtìjú. Obìnrin náà tẹ orí ba.

Èmi àti ọkọ mi jókòó nílé, a tò wọ́n. Èmi ni mo fi elédè méjì sí ipò kìíní. Kí n sọ òótọ́, nítorí ohun tó tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ orúkọ náà. Níbi iṣẹ́, bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń dárúkọ iléèwé ọmọ wọn, mo fẹ́ lè dárúkọ yẹn. Montessori wà ní ipò kẹta, lẹ́yìn iléèwé kan tí n kò tiẹ̀ fẹ́ bí mo ṣe ń wò ó báyìí.

Ní òpin oṣù Kẹta, èsì dé. Montessori gbà wá. Ní elédè méjì, a wà ní ipò kẹrìnlá lórí ìlà. A forúkọ sílẹ̀ ní Montessori kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, mo ra yúnífọ́ọ̀mù méjì, mo sì gbàgbé ìyókù. Ìyá padà sí Ìbàdàn ní oṣù Keje. Ìpè tó wá ní oṣù Kẹsàn-án kò sì yẹ kó yà mí lẹ́nu: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni ìjọba ń ka orí ọmọ, iye orí tí wọ́n bá kà ni iléèwé á fi gbowó. Àga tó ṣófo kì í mówó wọlé, nítorí náà gbogbo oṣù Kẹsàn-án ni iléèwé máa ń fa orúkọ lórí ìlà.

Ọkọ mi kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. “A dúpẹ́! Ọ̀la la máa gbé e lọ.”

Mo ní, “Dádì, ẹ fara balẹ̀.”

“Kí ló tún kù? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fi sí ipò kìíní? Èdè mẹ́ta lọ́mọ yìí máa gbọ́. Tá a bá sì jẹ́ kó lọ, kò ní ṣí mọ́.”

Ó ní ohun tó tún wúwo ju ìyẹn lọ. Iléèwé Montessori wa ṣì kéré, ìyẹ̀wò ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ kò tíì kàn án. Iléèwé charter lè kú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Eagle Academy, iléèwé charter tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú yìí láti ọdún 2003, tì pa nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí iléèwé wọlé, torí owó ti tán lọ́wọ́ wọn. Àwọn òbí tó ti ra yúnífọ́ọ̀mù bí mo ṣe rà á ń sáré káàkiri wá ààyè. Ọkọ mi gbé ọkùnrin kan nínú Uber rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn tí ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn, kò gbàgbé ojú ọkùnrin náà. Gbogbo àlàyé rẹ̀ ló tọ̀nà. N kò rí ọ̀kan tako.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo dìde láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo wọ Àjàní láṣọ, mo ní kí ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń lọ, mo sì rìn ín bó ṣe máa rí bó bá jẹ́ ojoojúmọ́. Ọkọ mi ló ń gbé mọ́tò. Àárọ̀ kùtù, nígbà táwọn èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́, ni owó wà. Bí òun bá ní òun á máa gbé ọmọ lọ sí Petworth, owó ilé là ń fi ṣeré yẹn. Nítorí náà, rélùwéè ni.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún la jáde. Ọmọ tí kò tíì pé márùn-ún kì í sanwó ọkọ̀, ìyẹn dáa. A wọ rélùwéè aláwọ̀ ọsàn ní Deanwood, a bọ́ sílẹ̀ ní L'Enfant Plaza ká lè wọ aláwọ̀ ewé. Àjàní fẹ́ gun àtẹ̀gùn tó ń rìn lẹ́ẹ̀mejì. Èrò pọ̀, a ò rí ìjókòó, mo gbé e sí ìbàdí. Nígbà tá a fi dé Shaw, ó ti sùn, itọ́ rẹ̀ ń kán sí mi léjìká. Ká tó dé ẹnu ọ̀nà iléèwé, aago mẹ́jọ ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá.

Wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bi í ní nǹkan kan ní Sípáníìṣì. Àjàní wò ó, ó wò mí, ó ní, “N ò fẹ́.” Yorùbá ni! Lọ́dọ̀ Montessori, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá tíṣà lóhùn. Ṣùgbọ́n níbí, ó rí i pé ohun tí obìnrin yìí ń sọ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rò pé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ò bá ti sí, Yorùbá ló kù. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó fún un ní ife omi kan. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà.”

Mo fẹ́ sunkún. Ká ní mo fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni, kò ní yà mí lẹ́nu.

N kò fọwọ́ sí i, torí orí mi ti ń ka aago. Lálẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́, aago méje àárọ̀ ni mo ń jáde, mo ń délé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ kù díẹ̀. Bó bá jẹ́ Montessori, mo lè mú un lọ, kí n padà, kí n sì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́sàn-án. Máa sùn di aago mẹ́ta kù díẹ̀, máa lọ mú un ní mẹ́ta ààbọ̀. Bó bá jẹ́ Petworth, ọmọ á ti pẹ́ kó tó débẹ̀, èmi á délé nígbà tí aago mẹ́wàá bá ti kọjá, aago méjì ni mo sì gbọ́dọ̀ tún jáde. Oorun wákàtí mẹ́rin, bóyá mẹ́ta ààbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀sì yìí á lọ wọn oògùn fún aláìsàn lálẹ́. Wọ́n ní aftercare wà títí di aago mẹ́fà, ìyẹn bíi “lesson” tiwa nílé, ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ni mo ń jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, èmi àti Àjàní ni. Ó ń bá mi ṣa ẹ̀wà. Ó ń ka àlùbọ́sà: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo ń pè é ní oríkì rẹ̀, ó ń dáhùn. Látìgbà tí ìyá ti lọ, wákàtí méjì yẹn ni gbogbo Yorùbá tó kù fún un lọ́jọ́ iṣẹ́, torí bàbá rẹ̀ máa ń gbàgbé, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bá a bá lọ sí Petworth, inú rélùwéè la máa ti lo wákàtí náà, ọmọ á máa sùn. A ó gba Sípáníìṣì lọ́wọ́ ọ̀tún, a ó sì fi Yorùbá sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì.

Mo pè wọ́n ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo ní a dúpẹ́, a ò ní lè wá. Obìnrin náà ò bi mí léèrè ìdí. Ó ní ó dáa, ó sì dájú pé kó tó gbé fóònù sílẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti wà lára orúkọ kejì.

Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó jẹ ìrẹsì tí mo gbé kalẹ̀, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó ní, “Ó yẹ kó o dúró dè mí kó o tó pè wọ́n.” Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ká ní mo dúró dè é, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́, ìdí tí mo fi pè wọ́n kó tó wọlé nìyẹn. Èyí ni n kò tíì sọ fún un.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan wá dùn bí oyin. Tíṣà tí wọ́n ní yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi Thanksgiving, lẹ́tà kan ṣoṣo la rí gbà. Àjàní tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún àràárọ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, mo ronú kan tíṣà Petworth tó fún un lómi. Ọkọ mi náà ronú kàn án, mo rí i lójú rẹ̀, ó kàn ṣàánú mi ni kò fi sọ̀rọ̀. Tíṣà tuntun tó dé kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ti mọ́ ọn lára báyìí, ó sì ń ká ẹní rẹ̀ fúnra rẹ̀, nílé pàápàá; ẹní àdúrà bàbá rẹ̀ ló ń ká mọ́ ọn lọ́wọ́.

Oṣù Kejìlá dé, fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ ṣí. Ọkọ mi ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi lórí tábìlì, ó lọ wẹ̀. Mo wò ó títí omi fi dákẹ́ ní báluwẹ̀, mo pa kọ̀ǹpútà náà dé. Màmá mi ń bọ̀ ní oṣù Karùn-ún. Ó ti ní kí n kọ ọ̀nà iléèwé náà sílẹ̀ fún òun pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, pé òun ni yóò máa lọ mú Àjàní lọ́sàn-án, kí n máa sùn.